Irin Ìtúlẹ̀ Tó Ń Wúkọ́

Ẹ wá ibi jókòó sí kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí àlá tí mo lá mọ́jú òní kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ lórí ìdúró. Ilẹ̀ inú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Èmi tí mo lá a, orí ẹní ni mo wà, síbẹ̀ mo ṣubú, mo dìde, mo tún ṣubú sókè.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lójú ayé, kí ẹ má baà ṣìnà mọ́ mi lọ́wọ́. Gbogbo yín mọ Oyèkànmí, àbúrò mi tó máa ń fi ẹ̀pà kún àpò bí ẹni tó ń lọ gbìn ín. Òní ló yẹ kó kọ́kọ́ gun katakata ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa lọ sóko. Ẹ sì mọ irin ìtúlẹ̀ tí katakata yẹn ń fà. Èyí tí a ń lò tẹ́lẹ̀, ojú kan ló ní. Ọ̀tún ló ń da ilẹ̀ sí lálọ, ọ̀tún náà ló ń dà á sí lábọ̀, tó fi jẹ́ pé kòtò gbọọrọ ló máa ń kù sáàárín oko. Òjò á wọnú kòtò, á kó ilẹ̀ wa lọ fún àwọn ará ìsàlẹ̀ odò. Wọ́n ń fi ilẹ̀ wa gbin iṣu, àwa ń wa òkúta.

Tuntun yìí ní abẹ lókè, ó ní abẹ nísàlẹ̀. Ìkan kọjú sílẹ̀, ìkejì kọjú sí ọ̀run. Bí katakata bá dé ìparí poro, awakọ̀ á gbé irin sókè, á fa ọ̀pá kan, irin á yí bìrí. Èyí tó ń wo ọ̀run á wá wo ilẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ, kòtò kò ní sí. Ìkọ́ irin kan wà lọ́rùn rẹ̀ tó ń gbá a mú tó bá ti yí tán, kó má baà tún yí nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ní kó yí. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá fi hàn wá, ìkọ́ yẹn dún ká, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún tó kọjá, kò gbá a mú. Mùfútàù ló ń wa katakata nígbà náà. Ó dé ìparí poro, ó gbé irin sókè, ó yí i, ó sọ̀ kalẹ̀ láti yọ gbòǹgbò tó há sí abẹ. Irin náà tún yí. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ilẹ̀kùn ilé Mùfútàù la yọ tí a fi gbé e wálé, àwọn àgbà sì ní a kì í dá irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ padà sẹ́nu ọ̀nà. A ní a ó kan òmíràn fún Sìdíkátù ìyàwó rẹ̀. A ṣì ń sọ ọ́. Aṣọ ló ta dí ẹnu ọ̀nà títí di òní.

Àwọn àgbà jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní inú Ògún ni kò dùn. Baba Ògúnjìnmí, olórí àwọn alágbẹ̀dẹ wa, ni wọ́n yíjú sí. Òun ló ń so màrìwò mọ́ gbogbo irin oko kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ọrùn irin ló sì máa ń so ó mọ́, bí baba rẹ̀ ti ṣe mọ́ ọkọ́ àti àdá, bí òun náà ti ṣe mọ́ irin olójú kan. Baba ní màrìwò tí òun so mọ́ tuntun lọ́dún tó kọjá ló fẹ́lẹ́. Lánàá, ó so ti ọdún yìí, ó sì so ó gan-an. Ó wé imọ̀ ọ̀pẹ tútù mọ́ irin náà lọ́rùn, ó wé e, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọnú gbogbo ihò, títí irin fi dà bí arúgbó tí òtútù mú. Gbogbo wa ní ó dára. Èmi náà ní ó dára. Mo jẹ ẹ̀wà Ògún ní àjẹyó, mo lọ sùn.

Ikọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo rò pé ìyàwó mi ni. Mo na ọwọ́ sí i, ọwọ́ mi kan irin. Irin ìtúlẹ̀ ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi, ó ká ara jọ, màrìwò wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń wúkọ́ bí ẹni tó ti ń mu sìgá láti kékeré. Kò yà mí lẹ́nu. Mo ní ó kú ìdúró. Ó ní òun kò dúró, òun jókòó ni. Mo ní kó má bínú.

Ohùn rẹ̀ tutù, ohùn ọmọ tí a kọ́ tó sì gbẹ̀kọ́.

“Bọ̀dá,” ó ní, “ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dí yín lóorun. Nǹkan kan ló há mi lọ́fun. Kí oòrùn tó yọ, ẹ bá mi wá ẹni tó máa tún mi ṣe. Bí oòrùn bá bá mi báyìí, tí àbúrò yín náà bá sọ̀ kalẹ̀ wá sábẹ́ mi...”

Ikọ́ gbà á. Ó yí bìrí. Abẹ tó wà lókè wá sílẹ̀, ohùn náà sì yí padà, ó di ohùn agbèrò ìdíkọ̀.

“N ó tẹ̀ ẹ́ pa,” ó ní. “Kí lò ń wò? Mo ti tẹ ìkan, kí lẹ fi mí ṣe? Ẹ̀wà lẹ sè fún mi.”

Ó tún wúkọ́, ó tún yí. Ohùn àkọ́kọ́ ní kí n má dá a lóhùn. Ó ní àwọn méjèèjì ni àwọn jọ ń gbé lórí ọrùn kan, ṣùgbọ́n àwọn kì í kí ara àwọn.

Mo ní ó ti yé mi. Ilé wa náà rí bẹ́ẹ̀. Mo wọ ṣòkòtò mi. Ṣòkòtò náà ní ẹsẹ̀ kan. Mo wọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo bi ìyàwó mi pé níbo ni ẹsẹ̀ kejì wà, àgbàdo ló dá mi lóhùn láti inú agbọ̀n pé kí n yé pariwo, àwọn ọmọ ń sùn. Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àgbàdo, mo fi okùn ewúrẹ́ so irin, mo fà á jáde.

Ìta kò sí níbi tó máa ń wà. Ibi tí igi igbá ẹnu ọ̀nà wa máa ń dúró sí, ilé-iṣẹ́ kan ló léfòó síbẹ̀ lójú òfuurufú, ilé gíláàsì gìrìwò, ó ń fì lẹ́fùúùfù bí aṣọ tí a sá. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ èèkàn kó má baà lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ gàdàgbà pé ILÉ-IṢẸ́ ÀTÚNṢE OHUN TÓ Ń YÍ. Kò ní àtẹ̀gùn. Poro kan láti inú oko wa ló nà ró, ó fara ti ògiri, a sì ń gun ebè rẹ̀ gòkè lọ. Irin ń wúkọ́ lẹ́yìn mi, ilẹ̀ ń bọ́ sí mi lójú. Mo ń rò ó lọ́kàn mi pé ilẹ̀ tó ti ń sá lọ lábẹ́ wa lọ́dọọdún yìí, ó tún ti rí ọ̀nà òkè.

Akọ̀wé kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìyẹ́ adìẹ ro etí. Ó ní kí ni mo gbé wá. Mo ní irin tí kì í gbá ara rẹ̀ mú ni, ó sì ti pa èèyàn. Ó bi mí pé èèyàn mélòó.

“Ẹnìkan,” mo ní. “Mùfútàù.”

“Ẹnìkan lè jẹ́ èèṣì,” ó ní. “Ẹ padà lọ mú ẹnìkejì wá, kí iṣẹ́ lè bẹ̀rẹ̀.”

Mo ní a kò ní ẹnìkejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìyẹ́ adìẹ rẹ̀ júwe bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn. Oyèkànmí ló jókòó síbẹ̀. Ó wọ aṣọ funfun kan tí n kò rí lọ́rùn rẹ̀ rí, aṣọ tí kò lápò, ẹ̀pà rẹ̀ sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ nítorí àpò tí kò sí. Mo bi í léèrè ohun tó wá ṣe.

“Wọ́n ní kí n wá jókòó dè é, Bọ̀dá,” ó ní. “Wọ́n ní kò ní pẹ́.”

Ó bu ẹ̀pà fún mi. Mo jẹ ẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo rí nínú àlá yẹn, èyí tó ń dùn mí jù títí di ìsinsìnyí ni pé ẹ̀pà náà dùn.

Ilẹ̀kùn inú ṣí, wọ́n ní ká wọlé. Àwọn ọ̀gá jókòó yí tábìlì ká, gbogbo wọn wọ táì. Ọ̀gá Àgbà wà lórí àga tó ga jù, ó ní irùngbọ̀n ṣóńṣó kan tó máa ń mì nígbàkúùgbà tó bá gbé èrò mì. Ó ní àwọn ti gbọ́ nípa irin náà, kí n fi ọkàn balẹ̀, àtúnṣe ti wà lórí tábìlì.

Lóòótọ́ ó wà lórí tábìlì. Ọ̀gá kan ní kí wọ́n ta ìbòrí lé irin náà, kí òjò má baà máa rọ̀ sí ẹni tó bá kú sábẹ́ rẹ̀ lára. Òmíràn ní kí wọ́n so aago mọ́ ọn, aago tí yóò dún tó bá ti wó luni tán, kí ẹbí lè tètè gbọ́. Obìnrin kan tó ń fọhùn jẹ́jẹ́ ní kí wọ́n fi òwú àràbà wé abẹ rẹ̀ kó dà bí ìrọ̀rí. Wọ́n wé e lójú ẹsẹ̀, wọ́n dán an wò lára iṣu kan. Iṣu náà kú. Obìnrin náà ní àmọ́ ó kú pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀, ilé wọn nìkan ni kò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Irin na abẹ kan sókè bí ọmọ iléèwé.

“Ẹ jọ̀wọ́, sà,” ó ní, “ẹ kàn bá mi yẹ ọ̀fun wò. Nǹkan há síbẹ̀. Mo fẹ́ pa eyín dé, eyín mi kì í pàdé.”

Ọ̀gá Àgbà ní ọ̀fun kò sí lábẹ́ àwọn. Ó ní iṣu ló ń lọ sí ọ̀fun, nítorí náà ilé-iṣẹ́ iṣu ló ni ọ̀fun. Mo bi í pé níbo ni ilé-iṣẹ́ iṣu wà. Ó ní ó wà nínú ilẹ̀, àti pé àbúrò mi ń lọ sápá ibẹ̀ láìpẹ́, tí mo bá ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán an.

Mo bojú wẹ̀yìn. Káfíńtà kan ti ń fi okùn wọn Oyèkànmí láti orí dé ẹsẹ̀. Oyèkànmí nà ró ṣánṣán fún un kí iṣẹ́ rẹ̀ lè rọrùn, ó sì ń bi í bóyá ó máa jẹ ẹ̀pà.

Mo dọ̀bálẹ̀. Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Mo ní òun nìkan ni ìyá mi bí lé mi, kí wọ́n jẹ́ kó máa bọ̀ nílé. Mo ní kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe olè, ẹ̀pà nìkan ni ìwà rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà kẹ́dùn pẹ̀lú mi. Omi lé sí i lójú. Ó ní òun náà ní àbúrò, ọ̀rọ̀ àbúrò kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, nítorí náà kí wọ́n dìbò lórí rẹ̀.

Wọn kò tíì nawọ́ tí ikọ́ fi tún gbé irin. Èyí kì í ṣe ikọ́ kékeré. Láti ìdí ló ti gbé e. Irin yí bìrí, gbogbo ilé sì bá a yí. Àjà di ilẹ̀, ilẹ̀ di àjà, tábìlì ń wò wá láti òkè. Àwọn ọ̀gá ṣubú, wọ́n fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ balẹ̀, wọn kò sì nà ró mọ́. Irun hù lára wọn. Ìwo yọ. Táì kò kúrò lọ́rùn wọn. Ọ̀gá Àgbà, tí irùngbọ̀n tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbọn orí, ó ní, “Mẹ̀ẹ́ẹ̀.” Obìnrin olóhùn jẹ́jẹ́ ní òun fara mọ́ ọn. Kí n má parọ́ fún yín, láti ìgbà tí wọ́n ti di ewúrẹ́ ni ìpàdé náà ti ń yára.

Ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì ti ṣófo. Káfíńtà ti lọ. Èèpo ẹ̀pà ló kù, ó tò láti orí bẹ́ǹṣì, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sọ̀ kalẹ̀ wọnú oko. Mo tẹ̀ lé e.

Oko wa ni, àmọ́ ó dojú dé. Gbòǹgbò ń wo ọ̀run, ewé wà nínú ilẹ̀. Katakata ń lọ, irin olóhùn méjì sì ti wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò mọ ìgbà tó já mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni tó ń wà á kọ̀yìn sí mi. Ẹ̀yìn yẹn ni mo fi mọ̀ ọ́n. Mùfútàù ni, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ lọ́jọ́ tí a gbé e wálé. Ibi tó bá sì tú, kì í ṣe ilẹ̀ ló ń yọ. Ilẹ̀kùn ni. Ilẹ̀kùn onípákó, ilẹ̀kùn onípáànù, ilẹ̀kùn tí wọ́n kun ní ọ̀dà, wọ́n nà gbalaja sínú poro, gbogbo wọn wà ní títì, bí iṣu tó ti tó wà.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn wọ̀nyí. Mo kan ti àkọ́kọ́, Sìdíkátù ló dáhùn lábẹ́ rẹ̀. Ó kí mi dáadáa. Ó bi mí léèrè ìyàwó, ó bi mí léèrè ọmọ, ó bi mí léèrè orúnkún mi tó ń ro mí. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti mú ilẹ̀kùn mi wá?” Mo ní a ṣì ń sọ ọ́. Ó ní kò burú. Ó ní òjò nìkan ló ń yọ òun lẹ́nu, àti ewúrẹ́ òun tí òun ò rí tì mọ́lé.

Mo kan òmíràn. Àkùkọ ló wà níbẹ̀, ó ń fọ ọ̀fun. Ó ní kí n má dá òun dúró, òun fẹ́ kọ láìpẹ́, oòrùn ti ń wọ bàtà.

Mo wá ń sáré. Rárá, n kò sáré, poro ló ń sáré lábẹ́ mi. Ó gbé mi dé orí ilẹ̀kùn tó kángun. Èèpo ẹ̀pà wà lórí rẹ̀. Mo pe orúkọ àbúrò mi.

“Bọ̀dá, ẹ má ṣí i,” ó ní láti inú lọ́hùn-ún, oorun wà nínú ohùn rẹ̀. “Ibí yìí tutù. N ó jáde bí oòrùn bá yọ. Ṣebí mo níṣẹ́ láàárọ̀.”

Mo fà á. Màrìwò ni wọ́n fi ṣe ibi ìdìmú ilẹ̀kùn náà. Bí mo ti ń fà á ló ń gùn sí i. Mo fa màrìwò títí ó fi ká mi mọ́ ọrùn ọwọ́, ó ká mi mọ́ ìbàdí, ilẹ̀kùn kò mì.

Katakata dé ìparí poro, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mùfútàù gbé irin sókè. Gbòǹgbò kan há sí abẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ń lọ sábẹ́ irin bó ti lọ lọ́jọ́ yẹn gẹ́lẹ́, ìrìn ẹni tó fẹ́ tètè parí iṣẹ́ lọ jẹun. Mo lọgun pé kó má lọ. Ó dúró, ó wò mí bí à ń wo ọmọdé.

“Èmi, Àkànjí?” ó ní, ó fi orúkọ pè mí. “Kí ló tún fẹ́ fi mí ṣe?”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ki orí bọ abẹ́ irin, ó tẹjú mọ́ ọrùn rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. N kò lè sún mọ́ ọn. Mo dúró lórí ilẹ̀kùn àbúrò mi pẹ̀lú ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan.

“Lọ́jọ́ tí mo kú,” ni Mùfútàù wí láti ibẹ̀, “gbogbo èèyàn lẹ bi. Ẹ bi ìyàwó mi bóyá ó bá mi jà láàárọ̀. Ẹ bi ìyá mi nípa ẹni tí mo ṣẹ̀. Ẹ bi Ògún. Ẹnikẹ́ni ò bi irin.”

“Mo sọ fún wọn,” ni irin wí. Ó ń sunkún, epo dúdú ń ṣàn lójú rẹ̀. “Mo wúkọ́, mo wúkọ́.”

“Wọ́n gbọ́,” ni Mùfútàù dá a lóhùn. “Ìborùn ni wọ́n fi kún un fún ọ.”

Ni oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Níbi tí gbogbo nǹkan ti dojú dé bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ti ń yọ, ìmọ́lẹ̀ ń gba etí ilẹ̀kùn jáde. Mo gbọ́ tí Oyèkànmí ń wá bàtà rẹ̀ nínú ilẹ̀. Mùfútàù ti lọ, n kò rí ibi tó gbà. Irin ń gbọ̀n. Mo rọ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀, mo ní kó ṣara gírí. Ohùn jẹ́jẹ́ ní òun ń gbìyànjú. Ohùn kejì ní irọ́ ni, òun ń bọ̀.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá Àgbà dé. Ó rọra rìn wá lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, táì ń wọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó ní ìpàdé ti fẹnu kò. Mo ní lórí kí ni. Ó ní lórí oúnjẹ. Kò tún sọ nǹkan mìíràn. Ó na ọrùn, ó já màrìwò ọrùn irin, ó ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo ohun tí mo ti rí ni mo gbà. Ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan, mo gbà á. Àgbàdo bá mi wí, mo gbà. Òkú ń wa katakata, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ewúrẹ́ máa jẹ màrìwò Ògún lójú mi, ara mi kò gbà á. Mo ní èèwọ̀ ni. Mo mú òkúta, mo sọ ọ́. Ó bà á níwo. Ọ̀gá Àgbà wò mí tìyanu-tìyanu, ewé màrìwò kan ń fì lẹ́nu rẹ̀, ó yíjú, ó bá tirẹ̀ lọ.

“Háà, Bọ̀dá,” ni irin wí.

Ó wúkọ́. Ó yí.

Mo wo abẹ́ rẹ̀ kí n rí ẹni tó wà níbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni. Mo wá rí i pé òkè ni mo ń wò. Èmi ni mo nà gbalaja sínú poro, aṣọ tí kò lápò wà lọ́rùn mi, ẹ̀pà kún mi lẹ́nu, abẹ ń bọ̀ lókè, ó ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Ojú náà kì í ṣe tèmi. Ti Oyèkànmí ni.

Mo jí. Ṣòkòtò mi ní ẹsẹ̀ méjì. Ìyàwó mi ń sùn, àgbàdo dákẹ́ nínú agbọ̀n. Ilẹ̀ ti ń mọ́. Níta, nǹkan kan wúkọ́.

Mo jáde. Katakata wà níbi tí a gbé e sí lánàá, irin ìtúlẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ewúrẹ́ Sìdíkátù ló dúró tì í. Ilé tí aṣọ dí lẹ́nu ọ̀nà, ewúrẹ́ ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jáde ládùúgbò. Ó ti jẹ gbogbo màrìwò tó wà lóde tán, ó ti ki ẹnu bọ ọrùn irin, ó ń fa èyí tí Baba Ògúnjìnmí fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọlé. Ó fà á, ó tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún fà á. Ó yọ, ó gùn bí okùn, epo ti mú kó dúdú. Nínú ọrùn irin lọ́hùn-ún, mo gbọ́ ọ: ká.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé irin náà wá fi hàn wá ni mo ti gbọ́ ohùn ìkọ́ yẹn kẹ́yìn, kí a tó so nǹkan kan mọ́ ọn.

Oyèkànmí gba ẹ̀yìnkùlé yọ. Ó ti wọ aṣọ iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ ń mì, ẹ̀pà. Ó rí ewúrẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òkúta.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Bọ̀dá, ẹ wò ó, màrìwò Ògún ló ń jẹ,” ó ní. “Baba máa pa wá.”

“Èmi ni Baba máa bá sọ ọ́. Sọ òkúta yẹn sílẹ̀.”

Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ mi tí kò wọ bàtà. “Ẹ jẹ́ kí n kàn lé e.”

“Jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán,” mo ní.

Kò tètè sọ òkúta náà sílẹ̀, èmi náà kò sì fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. A jọ dúró bẹ́ẹ̀, oòrùn ń yọ lé wa lórí. Ewúrẹ́ wúkọ́, ó tu èyí tó há a lọ́fun jáde, ó padà sídìí ìyókù.